Kérésì Inú Ọkọ̀ Ojú Omi Bíyìí

Thamesmead,
Lọ́ńdọ̀nù.
Ọjọ́ keje, oṣù Kìíní, ọdún 2025.

Mojọlá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ilé ńkọ́? Ṣé ara ọkọ rẹ àti Àánú le? Eékún Daddy rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń fúyẹ́ díẹ̀? Ara tèmi le, àmọ́ inú ń bí mi, ìwọ nìkan ni mo sì lè sọ ọ́ fún.

O mọ̀ pé Mummy wá bá wa ṣe Kérésì. Bíyìí, àbúrò mi aláṣehàn, ní yàrá kan ṣoṣo tí mò ń gbé kò yẹ ìyá òun. Ó lọ rẹ́ǹtì ọkọ̀ ojú omi kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, létí odò níbí, kò jìnnà sí Royal Arsenal, kó lè máa fi fọ́tò ránṣẹ́ sílé pé orí omi lòun ń gbé. Ibùgbé wo? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró ni. Bí Bernice ìyàwó rẹ̀ bá fẹ́ kọjá, gbogbo wa la máa dìde. Mummy, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ń fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀.

Sítóòfù eléèédú ló ń mú inú ọkọ̀ náà gbóná. Ẹni tó ni ín ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má dí àwọn ihò afẹ́fẹ́ ara ọkọ̀ náà. Bíyìí ní òtútù ń gba ibẹ̀ wọlé, ó fi àkísà dí gbogbo rẹ̀ pa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Kérésì tí mo lọ kí wọn, ó fẹ́ darí àdúrà, bátìrì máìkì rẹ̀ sì ti kú. Máìkì o, Mojọlá, láàárín èèyàn mẹ́rin. Ó bá yọ bátìrì inú ẹ̀rọ tó máa ń ké tí èéfín olóró bá pọ̀, ó kì í bọ máìkì.

Kò pẹ́ tí orí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Mummy ní òòyì ń kọ́ àwọn, wọ́n sì ṣubú. Bíyìí ní Ẹ̀mí ti bà lé wọn, ó tún gbóhùn sókè. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, mo mọ ẹni tó ń kú lọ. Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ṣílẹ̀kùn, èmi àti Bernice wọ́ Mummy bọ́ sínú òtútù. Ní ọsibítù, dókítà ní èéfín olóró sítóòfù ni, díẹ̀ ló kù kó pa wọ́n.

Àṣejù baba àṣetẹ́, àmọ́ Bíyìí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti tẹ́. Ní Sunday tó kọjá, ó jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pé àdúrà òun ló jí ìyá òun dìde. Ìjọ ń pàtẹ́wọ́. Mummy dì mí lápá mú, wọ́n dìde, wọ́n ní, "Èéfín ni o, kì í ṣe Ẹ̀mí. Oyinadé ló ṣílẹ̀kùn." Wọ́n sì jókòó.

Bá mi kí gbogbo ará ilé. Mummy ní kí n kí ọ dáadáa.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Oyinadé.