Kọ̀ǹpútà Ayọ̀ọlá

Adido,
Savè, Benin.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Àdìjá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Ara tiwa náà le, a dúpẹ́. Má bínú pé mo dákẹ́, ọ̀rọ̀ àbúrò mi ló gba gbogbo ọkàn mi.

Láti ìgbà tí alùpùpù ti gbé Ayọ̀ọlá ṣubú lọ́nà Bessé, tí wọ́n sì gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, kò tíì padà sí kọlẹ́ẹ̀jì tó ti ń kọ́ni ní ìṣirò. Ọ̀gá wọn ní tí kò bá kọ̀wé pé òun ń bọ̀ kí oṣù yìí tó parí, àwọn máa gba ẹlòmíràn. Àwọn ará ilé ní kí n bá a kọ̀wé pé ó fiṣẹ́ sílẹ̀. Mo ní n kò ní kọ ọ́. Ohun tó bá fi ọwọ́ òsì kọ, òun fúnra rẹ̀ kì í lè kà á, nítorí náà mo ní kí n ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún un.

Méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n Norbert nítòsí gáà ọkọ̀. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, àwọ̀ kan náà, agbára kan náà. Ọ̀kan kàn fẹ̀ díẹ̀ ju èkejì lọ ni, torí pé ó ní bọ́tìnnì nọ́ḿbà lọ́tọ̀ lápá ọ̀tún. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń yẹ̀ wọ́n wò bí ẹni tó fẹ́ fẹ́yàwó. Èyí tó fẹ̀ ni mo fọkàn sí. Olùkọ́ ìṣirò, kí ló tún lè wù ú ju nọ́ḿbà lọ? N kò bi í. Ká sòótọ́, ẹ̀rù ló ń bà mí láti dárúkọ ọwọ́ lójú rẹ̀.

Lánàá, Ayọ̀ọlá bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. O mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa, ta ni yóò na ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà? Ẹ̀gbọ́n Norbert wò ó títí, ó sì fi ọwọ́ òsì tirẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà tó fẹ̀ náà fún un. Ayọ̀ọlá gbà á. Èmi yára kọjú sí fóònù mi, torí omi ti lé sí mi lójú.

Ó tẹ ti àkọ́kọ́ wò, ó tẹ èkejì, ó wá kọjú sí mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ kan ni mo ní. Màá kàn máa sáré kiri lórí èyí tó fẹ̀ ni. Ọwọ́ mi dé ibi gbogbo lórí èyí tó kéré.”

Àdìjá, ó dùn mí gan-an. Ayọ̀ọlá ti ọdún tó kọjá, tó ní ọwọ́ méjì, ni mo ti ń ra kọ̀ǹpútà fún láti ọjọ́ yìí. Ayọ̀ọlá tó wà lọ́dọ̀ mi báyìí, mi ò bi í ní nǹkan kan.

Èyí tó kéré la rà. Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Sọ fún Ìyá pé kí wọ́n máa fi òróró pa orúnkún náà.

Láàárọ̀ yìí ni Ayọ̀ọlá jókòó láti kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀. Mo fa àga sún mọ́ ọn, mo ní kó máa pè é kí n máa tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n jọ̀wọ́ lọ jókòó. Ìlà mẹ́ta péré ni lẹ́tà náà, ó sì gbà á tó wákàtí kan. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ ìwọlé.

Èmi ni tìrẹ tọkàntọkàn,
Madeleine.