Wọ́n Ní Ọmọ Mi Dá Dúró

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, àti ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà tí o ń sọ̀rọ̀ káàkiri? Ọlọ́run tó mú ọ la ọ̀sẹ̀ ìdìbò já kò ní fi ọ́ sílẹ̀, ohùn rẹ kò ní há, ilé rẹ kò ní dàrú. Àwa náà wà dáadáa. Láti ìgbà tí wọ́n ti kéde pé ìwọ lo wọlé ni bàbá rẹ ti gbé àga síwájú ilé, ó ń retí kí àwọn tó ń kọjá bi òun léèrè.

Ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ ni. Orí rédíò ni mo ti gbọ́ pé ìwọ tí o jẹ́ agbẹjọ́rò ìjọba, tí o ń pe àwọn ọ̀daràn lẹ́jọ́, ti ń díje fún ipò alága káńsù. Wọ́n ní o kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, o dá dúró ni. Èmi gbọ́ ọ sí pé wọ́n dá ọ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Mo sunkún títí bàbá rẹ fi pa rédíò, ó ní bóyá tí òun bá tún un tàn, wọ́n á ti yí ọ̀rọ̀ náà padà. Télọ̀ òdìkejì ilé wa ló là á yé mi pé ìwọ fúnra rẹ lo fi iṣẹ́ sílẹ̀, pé dídá dúró yìí ni pé ìwọ nìkan lo ń ṣe é. Ìyẹn ò tún jẹ́ kí n sùn. Mo fẹ́ rán ẹni méjì sí ọ kí wọ́n wá bá ọ dúró, télọ̀ ló ní rárá.

Lẹ́yìn náà lo pè mí lórí fóònù. Mo bi ọ́ léèrè àwọn ọmọ, o ń sọ ti gọ́tà àti iná títì. Mo ní ṣé o ti jẹun, o ní kí n tẹ̀ka sí àwòrán kẹ́tùlù tó jẹ́ àmì rẹ lórí ìwé ìdìbò. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, o ti gé e. Ó dùn mí gan-an. Mo sọ fún bàbá rẹ pé òṣèlú ti wọ̀ ọ́ lára. Àfi ìgbà tí télọ̀ ní o pe òun náà, o pe gbogbo àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun, ọ̀rọ̀ kan náà lo sì bá wọn sọ, pé ohùn rẹ ni wọ́n gbà sínú ẹ̀rọ. Ó dára. Tí wọ́n bá tún fẹ́ gbà á, jẹ́ kí wọ́n fi "Màámi" sí i.

Ti bíríkìlà ló wá bà mí lẹ́rù jù, ọmọ ìyá tó ń ta aṣọ àlòkù lẹ́yìnkùlé wa. Nígbà tí afárá tó bá wọn kọ́ wó, tí o pè é lẹ́jọ́, tí wọ́n sì tì í mọ́lé, ìyá rẹ̀ kò kí mi mọ́. Lóṣù tó kọjá a kàn rí ọmọ náà tó dé. Mo ní ó sá lẹ́wọ̀n ni, ó fẹ́ gbẹ̀san. Bàbá rẹ fi bẹ́ẹ̀dì ti ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀dì náà há, ojú fèrèsé la gbà jáde láàárọ̀.

Lọ́jọ́ ìdìbò, ẹ̀yìn mi gan-an ni ìyá yìí tò sí. Mi ò wẹ̀yìn. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní ṣé mo mọ̀ pé ìwọ lo dìde ní kóòtù, tí o sọ fún adájọ́ pé irin burúkú tí kọngílá tó gba iṣẹ́ náà rà ló jẹ́ kí afárá wó, pé ọmọ òun kò jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá rẹ ti kìlọ̀ pé kí o má dárúkọ kọngílá. Ó ní ọjọ́ náà lo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní ojú ló ń ti òun, nítorí èpè tí òun ti ṣẹ́ fún ọ pọ̀, òun ṣì ń fi àdúrà pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. A dì mọ́ra, a ń sunkún, títí ọlọ́pàá fi wá bi wá bóyá ẹnì kan lù wá.

Òrùlé ilé ìdáná ń jò, awò ojú bàbá rẹ sì ti fọ́. Bá wa fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n àpò ọkọ rẹ ni kó ti wá, má fọwọ́ kan ti káńsù. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń wo òrùlé wa báyìí.

Ọlọ́run á fún ọ ní oorun tó dùn àti àwọn tí á máa sọ òótọ́ fún ọ. Bàbá rẹ ní kí n kọ ọ́ pé ẹ̀rù ò ba òun rárá ní tòun. Irọ́ ni.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.