Omi Tó Ń Sọnù Nínú Mọ́tò Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú àárọ̀ bó bá jẹ́ àárọ̀ ni ìwé yìí bá ọ, mo kí ọ kú iṣẹ́ bó bá jẹ́ ẹnu iṣẹ́ lo ti ń kà á, bó bá sì jẹ́ pé o ti sùn ni, má wulẹ̀ dìde, sinmi. Ṣé ara le? Ṣé àpótí onírin tó ń gbé yín lọ sókè ní ọ́fíìsì yín kò tíì já? Okùn rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbàdúrà fún láràárọ̀ kí n tó gbàdúrà fún ara mi, nítorí ẹni tó bí ọmọ kan ṣoṣo, tí wọ́n wá fi okùn fa ọmọ náà sókè, oorun wo ló fẹ́ sùn? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ. Ìlú ńlá kò ní gbé ọ mì. Ọkàn rẹ kò sì ní gbàgbé ojú ọ̀nà ilé. Àmín. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ara rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ náà sì le, bí o ṣe mọ̀ ọ́n.

Kí n tó gbàgbé, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni yẹn tó ń rí ọ lójoojúmọ́. N kò mọ ẹni tó jẹ́, ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí mo bá ṣí WhatsApp lórí fóònù, tí mo wo abẹ́ àwòrán rẹ, ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n rí ọ kẹ́yìn láàárọ̀ yìí, tàbí pé wọ́n rí ọ kẹ́yìn lánàá. Kò pa ọjọ́ kan jẹ rí, olóòótọ́ èèyàn ni. Mo ti kọ̀rọ̀ ìkíni sí i, kò dáhùn, bóyá iṣẹ́ ló pọ̀ fún un. Mo kàn ń rò ó lọ́kàn ara mi ni pé ẹni tí kò bá wa tan ń rí ọ, èmi tí mo bí ọ ń ka ìròyìn. Kò burú ṣá.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò rẹ ló mú mi jókòó kọ̀wé. O sọ lórí fóònù pé kí n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, pé mọ́tò tó ń mumi tó báyìí ti darúgbó, ó kàn ń yọ mí lẹ́nu lásán ni. N kò fèsì lọ́jọ́ náà, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Kò já o. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé lọ́jọ́ tí o ń lọ, o fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, o ní kí n bá ọ tọ́jú rẹ̀, o ń bọ̀ wá gbé e. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ nìyẹn, ìyá rẹ gbọ́ ọ. Bí mọ́tò bá wá lọ, kí lo fẹ́ wá gbé?

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá ibi tí omi náà ń gbà bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Mo ń rọ omi aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń mú ẹ́ńjìnnì tutù sí rédíétọ̀, omi ń lọ, n kò rí ọ̀nà tó gbà lọ. Mo tẹ́ páálí sábẹ́ mọ́tò, ilẹ̀ mọ́, páálí gbẹ bí ìgbà tí mo tẹ́ ẹ. Mo fura sí ajá aládùúgbò wa pé ó ń lá a, mo sì bá baba náà sọ ọ́, ó ní ajá òun kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo fi ṣéènì àti àgádágodo de bọ́nẹ́ẹ̀tì síbẹ̀. Omi tún lọ. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa ní sẹ́kọ́ńdìrì kọ́ wa pé omi kì í parun, pé bí kò bá sí níbí, ó wà níbòmíràn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sinmi, ọmọ mi, nítorí pé ibòmíràn pọ̀ láyé.

Mo wá rántí pé ìwọ fúnra rẹ lo sọ kí o tó lọ pé ibi yòówù tí fóònù mi bá gbà, o ó máa rí i lórí àwòrán ilẹ̀ inú fóònù tìrẹ. Inú mi dùn. Mo fi ọ̀rá wé fóònù, mo so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀, mo ti bọ́nẹ́ẹ̀tì pa, mo ń dúró kí o ránṣẹ́ pé ibi báyìí ni omi ń yà sí. O kò ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, mo wa mọ́tò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì wa, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Dákẹ́-kí-n-gbọ́, torí pé kì í fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì láì kọ́kọ́ fi etí tì í. Ó fi etí lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dijú, ni ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ó fò sẹ́yìn. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun kò tíì gbọ́ irú àìsàn bẹ́ẹ̀ rí. Ìwọ lo ń pè nígbà náà o, kí a tó rí kọ́kọ́rọ́ àgádágodo, o ti pa á. Má bínú.

Dákẹ́-kí-n-gbọ́ ní ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń mu omi náà, pé gásíkẹ́ẹ̀tì orí rẹ̀ ti jẹ, pé àfi kí òun tú u sílẹ̀ pátápátá. Mọ́tò tí wọ́n bá tú sílẹ̀ báyìí, ta ló mọ̀ bóyá yóò tún dì? Mo ní kó jẹ́ kí n lọ rò ó. Bí mo ṣe ń rò ó, gíláàsì iwájú ń ṣú láti inú láràárọ̀ bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú, mo sì ń fi aṣọ ìnujú nù ún. Èmi gbà pé àárò rẹ ló ń sọ ọ́. Òórùn kan tún wà nínú mọ́tò tó ń ta dídùn-dídùn, mo ní ìpara ìyá rẹ ni. Ìyá rẹ ní ìpara tí òun ti ń pa láti ìgbà tí mo ti gbé òun níyàwó, ṣé ìsinsìnyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní imú?

O mọ̀ pé ẹnì kan kì í jókòó sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàtà pẹlẹbẹ tí o máa ń wọ̀ wa mọ́tò, tí o bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ tí o wọ bàtà gíga lọ, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e. Tìmùtìmù rẹ náà wà lórí ìjókòó. Ẹ̀yìn ni gbogbo èèyàn ń wọ̀, tó fi mọ́ ìyá rẹ, tó ń ráhùn pé ọ̀daràn tí ọlọ́pàá mú ló ń jókòó bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo fẹ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ojú, ẹ̀yìn ti kún fún kẹ́ẹ̀gì omi tí mo ń rù kiri nítorí rédíétọ̀. Ó béèrè pé ṣé kí òun sàba lé kẹ́ẹ̀gì bí adìyẹ ni. Kí n tó dáhùn, ó ti ṣí iwájú, ó gbé tìmùtìmù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jókòó. A kò tíì kọjá ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tó fi lọgun. Mo rò pé mo ti gbá èèyàn. Ó ní omi ni òun ki ẹsẹ̀ bọ̀. Mo ní kó má pa irọ́ mọ́ mọ́tò ọmọ mi. Ó gbé bàtà rẹ kan sókè, ó sì dojú rẹ̀ dé sórí ṣòkòtò mi. Omi aláwọ̀ ewé ni, ọmọ mi, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Omi náà kò lọ síbì kankan láti ọjọ́ yìí wá. Abẹ́ bàtà rẹ ló wà.

Dákẹ́-kí-n-gbọ́ ní rédíétọ̀ kékeré kan wà lẹ́yìn pátákó iwájú níbẹ̀, èyí tó ń fún inú mọ́tò ní ooru, òun ló lu, tó ń ro sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ó béèrè pé ṣé kò sẹ́ni tó gbé kápẹ́ẹ̀tì yẹn wò rí ni. Ìyá rẹ wojú mi. Èmi wo ojú ọ̀nà. Ó ti so họ́ọ̀sì méjèèjì tó ń gbé omi wọ inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ra kí omi má gba ibẹ̀ mọ́, omi sì dúró, ẹ́ńjìnnì kò gbóná kọjá bó ṣe yẹ. Kò sí ooru nínú mọ́tò mọ́, òtútù nìkan ni a fi ń wà á báyìí. Nítorí náà má sọ ọ̀rọ̀ irin àlòkù létí mi mọ́.

Owó rédíétọ̀ kékeré yẹn ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, má fi í ránṣẹ́ sí bánkì. Èyí tí o fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, fóònù dún, ó ní owó rẹ ti dé, mo sáré jáde sẹ́nu ọ̀nà láti wo ẹni tó gbé e wá. Kò sẹ́nì kankan. Mo dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bóyá o kàn sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri bí o ṣe máa ń ṣe. Èyí, fi ọwọ́ ara rẹ gbé e wá.

Mo ti fọ bàtà rẹ, mo sá a sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó súnkì díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò gba ẹsẹ̀ rẹ. Ìyá rẹ ló ń jókòó síwájú báyìí, ó ní òun kàn ń bá ọ ṣọ́ ìjókòó rẹ ni kó má baà tún tutù, pé lọ́jọ́ tí o bá dé, òun á bọ́ sẹ́yìn láìjà. Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ, pàápàá jù lọ àbọ̀ rẹ.

Sọ fún ẹni tó ń rí ọ pé lọ́jọ́ tí o bá gbéra, kó kọ ọ́ sí fóònù fún mi pé wọ́n rí ọ kẹ́yìn lójú ọ̀nà ilé. Kó wá lọ sinmi. Èmi ni n ó máa rí ọ láti ibẹ̀ lọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ tó ń tọ́jú mọ́tò