Irin Mọ́tò tí Mo Tẹ̀ Bọ Adín

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi, alágbẹ̀dẹ Ọ̀fà. Ẹ kú iná, ẹ kú òógùn ojú. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí mo wà l'Ékòó. Ẹ bá mi kí Ìyá mi. Inú ìwé ìròyìn ni mo fi lẹ́tà yìí sí, kí ẹni tó mọ̀wé lè kà á sókè ní àgbẹ̀dẹ, torí ojú gbogbo àgbẹ̀dẹ ni mo ti sọ pé iṣẹ́ ọkọ́ àti àdá ti di iṣẹ́ ará ìgbàanì, kí n tó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ kọ́ mọ́tò wíwà. Ẹnu àìmẹ́nu ni. Ọdún kẹta rèé tí ẹ kò dá ìkíni mi lóhùn, ó sì ń dùn mí gan-an.

Ara mi le. Òjò ibí kì í mọ ìgbà tí yóò dá, mo sì máa ń dá jẹun. Mọ́tò oníṣòwò obì kan ni mò ń wà.

Lóṣù tó kọjá, mọ́tò náà já sí kòtò, sípíríìnì iwájú sì ṣẹ́. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀ bí ọrun, tó ń gbé ìwúwo mọ́tò, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Òkè òkun ni tuntun ti ń wá, ọ̀gá mi kò sì lè dúró.

Mo ní n óò rọ òmíràn fúnra mi. Mo fi jáàkì gbé mọ́tò, mo fi ìtì igi tì í, mo tú bóòtù, mo yọ èyí tó ṣẹ́. Mo ra irin àlòkù, mo yá ẹwìrì lọ́wọ́ ará Ìjàgbò kan tó ń rọ irin níbí, mo fínná títí irin fi pọ́n, mo lù ú, mo sì tẹ̀ ẹ́ bọ omi bí a ti ń ṣe ọkọ́. Mo tilẹ̀ ń súfèé. Bí mo ṣe sọ mọ́tò kalẹ̀ báyìí, pá! Ó dá sí méjì. Ọ̀gá mi bi mí bóyá lóòótọ́ ni alágbẹ̀dẹ bí mi. Ojú tì mí.

Mo jókòó sórí ìtì igi, mo rántí yín. Ẹ kì í tẹ irin tàkúté ọdẹ bọ omi, adín ni, ẹ ó sì tún yá a níná fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ ti sọ fún mi pé ọkọ́ ń fẹ́ líle, ṣùgbọ́n tàkúté gbọ́dọ̀ tẹ̀ láìṣẹ́. Etí mi kò sí ńbẹ̀ nígbà náà. Mo rọ òmíràn, mo tẹ̀ ẹ́ bọ adín, mo yá a níná, mo dì í mọ́ mọ́tò. Ó tẹ̀, ó sì gbéra padà. Ó ti ru obì lọ Abẹ́òkúta láìmọye ìgbà.

Àwọn awakọ̀ ń wá wò ó, wọ́n ń bi mí pé òyìnbó wo ló kọ́ mi. Mo ní bàbá mi ni, l'Ọ̀fà.

Ìta gbangba ni mo ti tàbùkù yín, níta gbangba náà ni mo ń tọrọ àforíjì. N kò béèrè èsì ìwé. Ẹ ṣáà pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan ní àgbẹ̀dẹ, ẹnìkan yóò sọ fún mi.

Kí Ògún máa gbè yín, kí iná yín má kú. Ẹ kí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò.

Bí ẹ bá ṣì gbà bẹ́ẹ̀, èmi ni ọmọ yín,
Ògúndélé