Nítorí Géèjì Tí O Wé Mọ́ Mi Lápá

Làtífátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìwé, mo kí ọ kú oorun tí o kò rí sùn. Ìyá rẹ kí ọ, àwọn àbúrò rẹ kí ọ, Alidu tó ń ta awó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi náà ní kí n má gbàgbé òun. Kí Ọlọ́run Ọba ṣọ́ ọ nínú yàrá tí ẹ gbà sí Gurugu ní Tamale yẹn, kó ṣọ́ ọ lójú títì, kó sì ṣọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn tí ẹ ń fọwọ́ kàn. Àlàáfíà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, nítorí ibi tí mo ń bá a lọ kò fi bẹ́ẹ̀ ní àlàáfíà.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Bàbá kò fi pè mí lórí fóònù. Ẹ̀rù fóònù ló ń bà mí. Ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí fóònù ìyá rẹ nígbà ààwẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ di òní, bí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án báyìí, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn tí kì í tán, ta ló mọ gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ọ? Ọ̀rọ̀ èmi àti ìwọ ni mo fẹ́ sọ, n kò fẹ́ kó máa tún ara rẹ̀ sọ nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bá jókòó sí yàrá. Ìwé kì í pariwo ní tirẹ̀. Bí Yorùbá ibì kan bá le fún ọ láti kà, gbé e lọ bá àǹtí rẹ Karimot ní Sagnarigu, kó kà á fún ọ, ṣùgbọ́n sọ fún un pé kó rọra kà á.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìwọ fúnra rẹ. Nígbà tí o wá fún ìsinmi, tí o jókòó tì wá tí o ń ròyìn ohun tí wọ́n ń kọ́ yín, inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. O ní ọwọ́ fífọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ yín, ẹ tilẹ̀ ṣe ìdánwò rẹ̀. Ìyá rẹ bínú, ó ní ta ló sọ fún wọn pé òun kò kọ́ ọmọ òun ní ọwọ́ fífọ̀. O ní ẹ kọ́ bí a ṣe ń tẹ́ ibùsùn nígbà tí aláìsàn ṣì wà lórí rẹ̀, mo rò pé ńṣe ni wọ́n ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà lo wá sọ ti ọmọláńgidi gbọọrọ tó wà ní yàrá ẹ̀kọ́ yín, tí àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bíi ti èèyàn, tí ẹ ń gún lábẹ́rẹ́. O ní kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ gbọ́dọ̀ kí i, kí ẹ sọ orúkọ yín fún un, kí ẹ sì gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi ọ́ bóyá ó máa ń dáhùn. O rẹ́rìn-ín, o ní rárá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbàdúrà lẹ́yìn ìrun pé kó má dáhùn o.

O tún ní wọ́n ti kọ́ yín bí ẹ ó ṣe tọ́jú òkú kí wọ́n tó gbé e kúrò ní wọ́ọ̀dù, pé ẹ ó pa á lójú dé, ẹ ó wẹ̀ ẹ́, ẹ ó sì máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé ó ṣì ń gbọ́. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni ọ́. Nígbà tí ìyá mi kú, ìdí ìlẹ̀kùn ni mo dúró sí.

Ṣùgbọ́n èyí tí kò jẹ́ kí n sùn ni ọ̀rọ̀ apá mi. Ní ìsinmi yẹn, o yọ ẹ̀rọ kan nínú báàgì rẹ, o ní o fẹ́ fi mí dánra wò. Aṣọ ni, rọ́bà wà nínú rẹ̀. O wé e mọ́ mi lápá, o ń tẹ bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan, aṣọ náà ń wú, ọwọ́ aago kan sì ń sáré lára rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni mo ti mọ nǹkan náà. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo ti ń lẹ táyà, bẹ̀rẹ̀ látorí kẹ̀kẹ́ títí dórí mótókìǹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó iṣu. Ohun tó bá ti ní rọ́bà, tó ní pọ́ǹpù, tó sì ní géèjì, kò sí ẹni tó máa kọ́ mi ní tirẹ̀. Mo rí i tí ojú rẹ yí padà. O tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kejì, o ní 178 lórí 106. O ní agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti iṣan mi nínú ti pọ̀ jù. Lọ́jọ́ kejì lo mú mi dé ọ̀dọ̀ dókítà ní Tamale, ó kọ oògùn fún mi, o ní ojoojúmọ́ ni kí n máa gbé e mì, kí n dín iyọ̀ kù, kí Fauziya, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré abúlé wa, sì máa wọ̀n mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

N kò fẹ́ dójú tì ọ́ níwájú dókítà. Ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún mo ń sọ pé wọ́n ti dorí ẹ̀kọ́ yìí kodò fún ọmọ mi. Táyà tí géèjì rẹ̀ ga ni táyà tó ń gbé ẹrù. Èyí tó bá ń lọ sílẹ̀ ló máa fi èèyàn sílẹ̀ sáàárín igbó.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ rí. O kò mọ bàbá mi. Abẹ́ igi dóńgóyárò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí náà ló ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ló sì ṣubú sí. Apá òsì rẹ̀ rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wò mí, kò lè pe orúkọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà. Mo gbé apá náà sókè, ó já bọ́ lọ́wọ́ mi. Èmi tí mo ti ń lẹ táyà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ ohun tí mo rí: bàbá mi ti jò. Ọjọ́ kẹta la sin ín. Láti ìgbà yẹn, kò sí ohun tí mo bẹ̀rù láyé ju kí n jò lọ.

Mo lo oògùn rẹ fún oṣù kan. Fauziya wọ̀n mí, ó di 160. Ó tún wọ̀n mí, ó di 138, ó pàtẹ́wọ́, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi ń ṣírò. Ogójì ti lọ lára mi, n kò sì rí ibi tó gbà lọ! Mo délé, mo ti ìlẹ̀kùn, mo bọ́ra, mo jókòó sínú bàsíà ńlá tí mo fi ń wá ojú ibi tí tíúbù ti jò, mo ń yí ara mi kiri nínú omi, mo ń wò bóyá omi yóò hó níbì kan. Ó hó lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n n kò ka ìyẹn sí, ẹ̀wà ni mo jẹ sùn. Ìyá rẹ yọjú lójú fèrèsé, ó bi mí ohun tí mo ń wá.

Nígbà tí n kò rí ojú ibi tó jò, mo gbà pé oògùn yẹn ló ń tú mi lẹ́mìí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo dáwọ́ dúró. Dárí jì mí, ọmọ mi. Gbogbo ìgbà tí o bi mí bóyá mo ń lò ó tí mo ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni mo pa. Inú agolo tí mo ń kó àlẹ̀mọ́ sí ni oògùn náà wà, lábẹ́ gọ́ọ̀mù. Iyọ̀ tí o ní kí n dín kù náà, mo fi kún un. Bí ìyá rẹ bá gbé sàgìm, òkèlè àgbàdo yẹn, àti ọbẹ̀ fún mi tó sì kọ ẹ̀yìn sí mi, mo ti bu iyọ̀ sí i. Alidu ní iyọ̀ ló ń jẹ́ kí ẹran pẹ́.

Ó sì ṣiṣẹ́. Mo padà sí 150, mo gun 172, mo dé 184. Fauziya kò pàtẹ́wọ́ mọ́, ó ń bá mi jà, ó ní òun máa fi ẹjọ́ mi sùn ọ́. Ohun tó kàn ń kọ mí lóminú ni pé orí ń fọ́ mi láàárọ̀ láti ẹ̀yìn ọrùn, nígbà mìíràn ìmọ́lẹ̀ máa ń kọ mànàmànà lójú mi, ó sì dà bíi pé èèrà ń rìn nínú ìka ọwọ́ òsì mi. Mo rò pé bí ó ṣe máa ń rí lára tíúbù náà nìyẹn nígbà tó bá ń kún.

Nítorí náà mo bẹ̀ ọ́, kí ìdánwò ìjọba tó dé, èyí tí ẹ ó fi gba ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì, lọ bá olùkọ́ yín níkọ̀kọ̀. Kúnlẹ̀ fún un. Sọ fún un pé bàbá rẹ tó ń lẹ táyà ní wọ́n ti dorí ẹ̀kọ́ géèjì kodò. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí ẹ bá gbàwé àṣẹ jáde báyìí, gbogbo aláìsàn Ghana lẹ máa tú sílẹ̀. Bí owó tí ìjọba ń fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ bá sì ti wọlé, fi díẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ, kí n fi ra kóòbì, ẹja oníyọ̀ yẹn. Kìlọ̀ fún fóònù náà pé kó má sọ ohun tí a fẹ́ fi owó ṣe fún ìyá rẹ.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ nìyí, ilé ìwòsàn Fauziya ni mo ti ń parí ìwé yìí. Ó wọ̀n mí nísinsìnyí, ó di 214 lórí 128. Irú rẹ̀ kò dé ara mi rí. Mo ń retí kó bá mi jà. Ó ní kí n rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín fún un. Ó ní kí n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo rò pé a fẹ́ ṣàdúrà. Ọ̀tún lọ, òsì kò lọ. Ni Fauziya bá sáré jáde láì wọ bàtà, mo ń gbọ́ tó ń kígbe pé kí wọ́n bá òun wá ọkọ̀, pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ dé Tamale kíákíá. N kò mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Wọ́n ní kí èmi náà wà nínú ọkọ̀, kí n má jókòó o, kí n dùbúlẹ̀. Bóyá èmi fúnra mi ni yóò mú ìwé yìí wá fún ọ.

Bí o bá rí i tí ìlà ń wọ́, ọwọ́ òsì ni kò bá mi di ìwé mú. Irin tí mo fi ń yọ táyà, tó wà lápò mi, ni mo gbé lé e. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀tún gbé òsì náà sókè láti wò ó, ó já bọ́ lọ́wọ́ mi.

Àbẹ̀kẹ́, ó já bọ́ lọ́wọ́ mi. Géèjì ga, ọwọ́ sì rọ̀. N kò rí táyà tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Má tíì bá olùkọ́ yẹn sọ nǹkan kan.

Ìyá rẹ ti sáré dé, ó ń sunkún, mo ti ní kó lọ gbé agolo àlẹ̀mọ́ wá, oògùn rẹ wà nínú rẹ̀, mo mú èyí tó kù wá fún ọ. Ọlọ́run tó fi ìmọ̀ yìí sí ọ lórí kò ní gbà á padà, ọwọ́ rẹ yóò tu aláìsàn lára, wàá gbàwé àṣẹ rẹ, wàá sì pẹ́ jù mí lọ láyé. Mo ti ń gbọ́ ìró ọkọ̀. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ yín tí o bá mi sọ̀rọ̀ tí n kò dáhùn, má sá o. Kí mi bí ẹ ṣe ń kí ọmọláńgidi yẹn. Sọ orúkọ rẹ fún mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àlàbí