Mostyn Sanra Ju Okùn Ọrùn Rẹ̀ Lọ

Gethin ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà ní Cardiff níbẹ̀, ṣé ò ń jẹun? Ẹni tó ń ṣọ́ àgùntàn lórí òkè wa yóò máa ṣọ́ ìwọ náà láàrin ìgboro. Ara mi le, orúnkún nìkan ni, bí òjò bá ti fẹ́ rọ̀ ló máa ń sọ fún mi, o sì mọ̀ pé ní abúlé wa yìí kì í dákẹ́.

Ọmọ mi, jókòó kí o tó ka èyí. Mostyn ajá rẹ fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. N kò sọ ọ́ lórí fóònù torí wọ́n ní gbogbo ayé ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ibẹ̀.

Okùn ọrùn tó ń tanná tí o fi ránṣẹ́, tí o ní yóò máa fi ìrìn rẹ̀ hàn lórí fóònù rẹ kó lè fọn, kò yí i lọ́rùn ká. Kí ó má baà ṣòfò, mo ní kí Idwal aládùúgbò wa fi sọ́rùn àgbò rẹ̀ títí Mostyn yóò fi fọn. Lo bá ń pè mí, inú rẹ ń dùn, o ní Màámi, mo rí i lórí fóònù, Mostyn ń gun òkè bí ọmọ ogun! Mo wo Mostyn nídìí iná, ó ń hanrun. Mo ní bóyá ẹ̀mí rẹ̀ ló ń gun òkè. Mo bá fi sọ́séèjì kún oúnjẹ rẹ̀, torí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun.

Àfi lọ́jọ́ Ìsinmi kan tó ṣubú lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ahọ́n rẹ̀ dúdú bí aró. Àyà mi já! Idwal fi bárò gbé e dé ọ̀dọ̀ Carys, dókítà ẹran. Carys wọ̀n ọ́n, ó lanu, ó ní Màmá Gethin, kí lẹ ń fún ajá yìí jẹ? Mo ní oúnjẹ rẹ̀ náà ni, àti búrẹ́dì oníbọ́tà, àti wàràkàṣì, àti èyí tó bá ṣẹ́kù nínú àwo mi, àti èyí tí kò ṣẹ́kù. Ó ní ìkẹ́ yìí ló fẹ́ pa á, pé kí n fọwọ́ wá egungun ìhà rẹ̀. Mo wá a títí, Gethin, n kò rí ìhà! Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé àgbò Idwal lò ń yìn láti ọjọ́ yìí.

Carys fún mi ní ife kan, ó ní ohun tó bá gbà ni kó jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́, kárọ́ọ̀tì dípò wàràkàṣì, kí a máa rìn díẹ̀díẹ̀, kó má fọn lójijì. Mostyn gbé àwo rẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀, ó wò mí bí ẹni tí mo tà. Mo sá wọ ilé ìdáná lọ sunkún. Mo kìlọ̀ fún gbogbo àdúgbò pé ẹni tó bá fún un ní bisikíìtì, èmi àti onítọ̀hún kò ní kíra mọ́. Pásítọ̀ ló kọ́kọ́ jẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n lánàá, ó gun òkè dé téńté. Èmi ni mo ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn, òun ló dúró dè mí. Ìhà rẹ̀ ti ń kan ọwọ́. Carys ní kí n má tíì ju ife nù o, pé ọ̀rá mọ ọ̀nà ilé, kí n máa gbé e wá fún ìwọ̀n lóṣooṣù.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, oúnjẹ tuntun rẹ̀ wọ́n ju tèmi lọ. Àpòòwé ni kí o fi í sí, má fi í sínú fóònù, torí mo ti yẹ tèmi wò yíká, kò ní ibi tí owó lè gbà jáde.

Ohun tí o bá jẹ kò ní di àìsàn sí ọ lára. Ẹsẹ̀ rẹ yóò gbé ọ wálé láyọ̀.

Èmi ìyá rẹ,
Eluned