Ẹ Ka Mọ̀múdù Mọ́ Òkú

                                        Ojúlé 17, Ẹ̀yìn Challenge,
                                        Ìlọrin,
                                        Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                        Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹsàn-án, 1975.

Adéọlá, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Jọ́ọ̀sì? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń bá ọ jà nígbà tí a pàdé ní Ọ̀mù-Àrán ti lọ? Òtútù ìlú yẹn kì í ṣeré, jọ̀wọ́ máa wọ súẹ́tà. Mo dé ọ̀dọ̀ Màmá lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Ara wọn le díẹ̀. Ọmọ Bọ́sẹ̀dé ti ń rẹ́rìn-ín, ó sì ti mọ bí a ti ń di ìka ènìyàn mú pinpin. Màmá ní kí n kí ọ.

Ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà mi gùn tó báyìí, èmi tí o máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé mémò ni mo ń kọ sí ènìyàn. Ọ̀rọ̀ kan ló ti wà nínú mi láti oṣù Keje. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ lẹ́tà yìí tí mo sì fà á ya. Ọ̀rọ̀ ikú àbúrò rẹ ni.

O mọ̀ pé ọdún yìí ni wọ́n sọ mí di akọ̀wé àgbà ní ọsibítù wa. Ní oṣù Kẹta, ìjọba rán ọkùnrin kan sí wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọláyíwọlá, pé kó wá dán wa wò: bí iná bá lọ, bí omi bá dá, bí ẹni tó mọ iṣẹ́ kò bá sí nílé, ṣé iṣẹ́ á ṣì máa lọ? Ọkùnrin náà kì í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń ṣe. Ó bèèrè ta ló ń tan jẹnẹrétọ̀. A ní Mọ̀múdù ni. Ó ní ta ló tún lè tàn án. A ní kò sí ẹlòmíràn. Ó wá ní, "Ó dáa. Ẹ ka Mọ̀múdù mọ́ òkú lónìí. Ẹ̀yin tó kù, ẹ tan iná."

Ariwo sọ. Nọ́ọ̀sì Salimat kawọ́ lérí, ó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, pé ta ló ń fi ẹnu pe ikú sí ọmọlọ́mọ. Mọ̀múdù fúnra rẹ̀ wò mí, ó rọra ní, "Ọ̀gá Akínwálé, ìyá mi ṣì wà láyé o." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Èmi tí mò ń pe ara mi ní ọmọ ìjọ, ẹ̀rù bà mí. Mo bẹ Ọ̀gbẹ́ni Ọláyíwọlá pé kó jẹ́ ká sọ pé Mọ̀múdù rìnrìn àjò ni, kó sì sún ìdánwò náà sí ọjọ́ kejì. Ó gbà.

Mọ̀múdù máa ń ti páìpù dísù jẹnẹrétọ̀ yẹn pa lẹ́yìn iṣẹ́, kí àwọn olè má bàa fa epo. Abẹ́ táǹkì ni ẹnu páìpù náà wà, ẹni tí wọn kò fi hàn kò lè rí i. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, mo bá a níbẹ̀ tó ń ṣí i sílẹ̀, kí ojú má bàa tì wá níwájú àlejò. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ó ṣeun. Lẹ́yìn náà ni Mọ̀múdù lọ jókòó sí ọ́fíìsì mi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lọ sí ìrìn àjò. Shehu, tó ń gbá àgbàlá, yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mejì péré, iná tàn. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ọláyíwọlá kọ ọ́ sílẹ̀ pé a yege, èmi sì ni mo bu ọwọ́ lu ìwé náà. Wọ́n ní ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àwa kò gbọ́n. A kàn ń wá ojú rere àlejò ni.

Nínú oṣù Keje, Mọ̀múdù gba àyè lọ́wọ́ mi láti lọ ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ arákùnrin bàbá rẹ̀ ní Malete. Mo fọwọ́ sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òjò ń rọ̀, ojú ọ̀run ṣú, Bọ́sẹ̀dé àbúrò rẹ sì wà ní tíátà. Wọ́n ti gbé ọmọ jáde, ọmọ ti ké, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lára ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń dá dúró lọ́wọ́. Iná lọ. Àtùpà ni wọ́n gbé wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ kò lè fi àtùpà ṣiṣẹ́. Shehu yí jẹnẹrétọ̀ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Èmi náà yí i. Orí mi ti dàrú, Adéọlá. Nígbà tí mo máa fi rántí abẹ́ táǹkì, ó ti tó ogójì ìṣẹ́jú. Iná tàn. Dókítà jáde, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, kò wò mí lójú.

Nígbà tí a dé Ọ̀mù-Àrán, mo bá gbogbo yín sọ ọ́ pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ni. Ọlọ́run kọ́ ló ti páìpù. Bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń jẹun, tí mò ń lọ síṣẹ́, tí àwọn ènìyàn ń kí mi kú ìdúró.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ fún ìdánwò mìíràn, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Kí n tó la ẹnu, Mọ̀múdù dìde. Àwẹ̀ ló wà lẹ́nu rẹ̀, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ka èmi mọ́ òkú." Ó jáde lọ jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò. Kò sẹ́ni tó pariwo. Láti ìgbà tó ti Malete dé ló ti ń kọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láìjẹ́ pé mo rán an. Salimat fi aṣọ funfun rẹ̀ kúnlẹ̀ nínú epo, ó ṣí páìpù, ó ní kí Shehu yí i. Mo wo aago mi: ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo gba ẹ̀yìn ilé lọ, mo sunkún bí ọmọdé.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Bóyá kí Màmá gbọ́ tàbí kí wọ́n má gbọ́, ọwọ́ rẹ ni mo fi í sí. Bí o kò bá fèsì, n kò ní bínú. Lọ́jọ́ ìsìnkú, o di ọwọ́ mi mú lójú gbogbo ènìyàn, o ní o dúpẹ́, pé ó kéré tán, ẹni Bọ́sẹ̀dé ló wà nítòsí rẹ̀. Gba ọpẹ́ yẹn padà, Adéọlá. Mi ò lè gbé e mọ́.

Èmi ni, tí mo ṣì ń pe ara mi ní ọ̀rẹ́ rẹ,
Akínwálé.